Orúkọ 61 nínú rẹ́jísítà: bí kíláàsì kan ní Ìsẹ́yìn ṣe bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó jáde

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n máa ń gbé SS3 lé lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ìsẹ́yìn ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún 2023. Èmi ni tíṣà kíláàsì náà, èmi náà ni mo kọ́ wọn ní Yorùbá láti JSS1 títí wọ́n fi jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Yorùbá. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, n kò sì ní dárúkọ ọmọ kankan. Ìlú kan náà la jọ ń gbé, a sì ń pàdé lọ́jà.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù kẹsàn-án 2017 ni sẹ́ẹ̀tì yìí wọ JSS1. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò tóbi, yàrá kan ṣoṣo ló gba gbogbo wọn. Nígbà yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni owó tí òbí ń san lọ́dún ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo sì rántí bí a ṣe máa ń dá ọmọ padà sílé láti ẹnu géètì nítorí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2019, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé, ó fagi lé owó náà. Inú wa dùn. A rò pé kò ní sí ọmọ tí yóò tún fi ilé ìwé sílẹ̀ mọ́ nítorí owó. Ọdún kan kò pé sí i tí Kòrónà fi dé.

Ìparí oṣù kẹta 2020 ni wọ́n ti ilé ìwé pa, JSS3 ni wọ́n wà. Oṣù keje ni ìjọba Ọ̀yọ́ ní kí àwọn tó wà ní kíláàsì àṣejáde, ìyẹn Pírámárì 6, JSS3 àti SS3, kọ́kọ́ padà wá. Láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi jókòó sílé yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ ti mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ ohun tí mò ń sọ: aṣọ òfì ni ìlú náà fi lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ti jókòó sídìí òfì, tó ń gbowó lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, tó ń ra ọṣẹ fún ìyá rẹ̀, ẹ wo bí ẹ ṣe fẹ́ gbé e padà sórí bẹ́ńṣì. Ọmọ 14 ni kò padà wá. A kọ ọ́ sílẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, a ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní SS1, wọ́n pín wọn sí Sáyẹ́ǹsì, Áàtì àti Kọmáṣà, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ti ń gba Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ọmọ mẹ́fà wá bá wọn láti ilé ìwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé SS3, wọ́n ti ku 41.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀

Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n yan kọmítì tí yóò ṣètò ìdágbére. Tíṣọ́ọ̀tì ni wọ́n fẹ́, èyí tí orúkọ sẹ́ẹ̀tì máa wà lẹ́yìn rẹ̀, fìlà, kéèkì, DJ, àti ìwé ìrántí aláwọ̀ mèremère tí fọ́tò olúkúlùkù máa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọdún mẹ́fà tí wọ́n lò. Wọ́n dá owó lé e lórí: 8,500 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ rántí ìgbà tí à ń sọ. Àsìkò tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà nìyẹn. Wọ́n ní kí á kó 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì. 31 oṣù kìíní ni gbèdéke tí wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n sún un sí 10 oṣù kejì. Ti àtijọ́ ti lọ, tuntun kò délẹ̀. Òbí tó ní owó nínú báńkì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ń dá ẹ̀fọ́ rẹ̀ gbé padà sílé nítorí pé oníbàárà kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Inú àsìkò yìí ni àwọn ọmọ ń bèèrè 8,500.

Nígbà tí oṣù kejì fi máa dá sí méjì, ọmọ 13 ló ti san. Kọmítì wá kéde pé ẹni tí kò bá san, fọ́tò rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé. Wọ́n ṣí gúrúùpù WhatsApp fún àwọn tó san. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí i pé wọ́n ti ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kíláàsì, àwọn tó san lápá fèrèsé, àwọn tó kù lápá ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wà tó ti ń ṣe mọ́nítọ̀ wọn láti JSS1. Òun ló ń nu bọ́ọ̀dù, òun ló ń kó ìwé wá fún mi, òun ló mọ ọjọ́ ìbí gbogbo wọn. Kò rí owó san. Ẹnì kan sọ fún un lójú gbogbo kíláàsì pé, “Ìwé tiwa kọ́ ni orúkọ tìẹ máa wà.” Ó gbá ẹni náà létí, aṣọ méjì ya lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ burúkú. Mo tọ́ wọn, mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ti gbà pé ohun tí a kò bá fowó rà kì í ṣe ìrántí, ọwọ́ àwa àgbàlagbà ni wọ́n sì ti kọ́ ọ.

Ọ̀gá àgbà wa pè mí. Ara wọn ti bù máṣọ látàrí ohun tí sẹ́ẹ̀tì ọdún tó ṣáájú ṣe: wọ́n fi máákà kọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sára yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n gun ọ̀kadà káàkiri ìlú pẹ̀lú ariwo, ọmọ kan já bọ́, ó fi apá dá. Wọ́n ní, “Ìyá Yorùbá, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Tí kò bá ṣeé ṣe, a ó fòfin de gbogbo ẹ̀, kí kálukú ṣe WAEC tán kó máa lọ sílé.”

Ohun méjì tí mo kọ́kọ́ ṣe tí kò yọrí

Àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n máa san owó náà díẹ̀díẹ̀, mo sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún sọ̀rọ̀ sí ẹni tí kò san. Ọmọ méjì péré ló mú owó wá. Ìjà dákẹ́ lójú mi, ó bọ́ sórí fóònù. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Owó kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀, n kò tíì mọ̀ nígbà náà ni.

Ìkejì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa, torí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe nìyẹn. Mo fún gbogbo wọn ní àròkọ asọ̀tàn: “Ọdún mẹ́fà mi ní ilé ẹ̀kọ́ yìí.” Mo ní tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, a ó fi òwú gán an pọ̀, ìyẹn á di ìwé ìrántí tí gbogbo ènìyàn máa wà nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Mo gba ìwé 41. Mo jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí mo ka bíi mẹ́wàá tán, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀. “Inú mi dùn púpọ̀ ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí.” “Àwọn olùkọ́ wa jẹ́ olùfẹ́ni.” “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí.” Ìwé 41, kò sí ẹyọ kan tó dárúkọ Kòrónà. Kò sí ẹni tó rántí ìjì tó ká páànù kíláàsì wọn lọ ní JSS2. Kò sí ẹni tó sọ nípa ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ti kúrò.

Ẹ̀bi mi ni. Mo ti sọ fún wọn pé ogún máákì ni. Bírò pupa wà lọ́wọ́ mi kí n tó ṣí ìwé àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe lè kọ ohun tí olùmáàkì fẹ́ kà, ohun tí mo kọ́ wọn náà ni wọ́n sì ṣe. Ẹni tí mo bá ní kó rántí nǹkan, n kò gbọdọ̀ jókòó dè é pẹ̀lú máákì.

Rẹ́jísítà

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìdìbò ààrẹ ni. A fẹ́ fi máákì CA, ìyẹn máákì iṣẹ́ kíláàsì àti ìdánwò táàmù, ránṣẹ́ sí WAEC, èsì táàmù kan sọnù, mo wọ inú sítọ́ọ̀ lọ wá a. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àga tó ti kán, mo rí rẹ́jísítà JSS1 ti 2017/2018. Ikán ti jẹ igun kan lára ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé ọwọ́ tèmi fúnra mi ló wà nínú rẹ̀, orúkọ 61, láti orí A dé orí Y.

N kò ní ètò kankan lọ́kàn. Mo kàn gbé e lọ sí kíláàsì ní píríọ́ọ̀dù mi, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ.”

Wọ́n rò pé eré ni. Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn, “Present, ma.” Ìkejì dáhùn, ìkẹta dáhùn. Mo pe ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọkùnrin kan lápá ẹnu ọ̀nà sọ pé, “Mà, ó wà ní Ìkẹjà. Ó ń tún fóònù ṣe.” Mo pe ìkarùn-ún, ó dáhùn. Ìkeje, kò sí. Ọmọbìnrin kan lápá fèrèsé ní, “Wọ́n ti kó lọ sí Ṣakí, mà. Bàbá wọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀.” Báyìí ni a ṣe ń lọ. Ẹni tí kò bá sí, ẹnì kan máa sọ ibi tó wà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, yàrá máa dákẹ́, èmi náà máa dákẹ́, n kò sì ní pe orúkọ tó kàn títí wọn yóò fi wo ojú ara wọn.

Nígbà tí mo dé orúkọ kan ní àárín ojú ìwé kejì, ohùn mi kò jáde. Àìsàn ló mú ọmọ náà lọ ní SS1. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dìde. Gbogbo wọn dìde.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín. Nínú rẹ́jísítà mi, ìlà búlúù ni mo máa ń fà fún ẹni tó bá wá, òdo pupa fún ẹni tí kò bá wá. Nígbà tí àwọn ọmọ yí mi ká láti wo ìwé náà, ọmọkùnrin kan fi ìka tẹ orí ìlà tirẹ̀. Búlúù ni láti oṣù kẹsàn-án wá, ó gún régé, títí di táàmù kejì. Lẹ́yìn náà òdo pupa 11 tẹ̀ léra wọn. Lẹ́yìn náà búlúù padà. Ó ní, “Mà, ìgbà tí màmá mi wà ní ilé ìwòsàn UCH nìyẹn. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ nà mí lọ́jọ́ tí mo padà dé, mà.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo rántí. Mo nà án nítorí pé ó pa ilé ìwé jẹ, n kò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà,” ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni kíláàsì náà ti yí padà. Wọn kò tún jókòó lápá méjì lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nígbà tí agogo lù.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa ìdí tí rẹ́jísítà fi ṣe ohun tí àròkọ kò lè ṣe. Rẹ́jísítà kì í yin ẹnikẹ́ni, kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ dídùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀, ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù, gígùn kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe jù ni pé ó fi àlàfo hàn wọ́n. Ọmọ 41 yìí ti rò pé àwọn nìkan ni kíláàsì. Mẹ́fà nínú wọn kò sí nínú rẹ́jísítà náà, torí SS1 ni wọ́n dé. Orúkọ 26 ni kò dáhùn nínú 61, ẹ̀rí tí wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn 26 náà.

Mọ́nítọ̀ ló sọ ọ́ jáde. Ó ní, “Mà, tí a bá fẹ́ ṣe ìwé, ẹ jẹ́ ká wá wọn.” Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé ni o.

Bí a ṣe wá wọn, àti àṣìṣe tí a ṣe

Àwọn 25 tó wà láyé la wá. A rí 19. Fóònù la fi rí àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, ẹsẹ̀ la fi rí àwọn tó wà nílùú. Àwọn ọmọ pín ara wọn, ẹni tó bá mọ ilé ẹnì kan ló ń lọ.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ọmọkùnrin kan ń hun òfì nísàlẹ̀ àtíbàbà kan pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn mẹ́fà mìíràn. Ọmọ méje ló lọ kí i, nínú yúnífọ́ọ̀mù, ní ọ̀sán gangan tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́. Ó wò wọ́n, kò dá iṣẹ́ dúró, ó ní, “Ṣé ẹ wá wò mí ni?” Wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo mọ ohun tó dun ọmọ náà. Yúnífọ́ọ̀mù méje dúró lé e lórí, òun jókòó nílẹ̀.

Èmi àti mọ́nítọ̀ la padà lọ lọ́jọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú aṣọ ilé. Mo kọ́kọ́ kí ọ̀gá rẹ̀, mo tọrọ gáfárà fún ti ọjọ́sí, wọ́n fún mi ní àga. A jókòó. N kò béèrè ohunkóhun. Mo ń wo bí òwú ṣe nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó jìnnà dé ìdí igi kan, òkúta ńlá ló tẹ ìdí òwú náà mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún kó má baà dẹ̀. Bó ṣe ń hun ún, ó ń ká aṣọ mọ́ra, òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mà, ṣé wọ́n ti pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn tíṣà?”

A kò mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tí ìjì ká páànù lọ ní JSS2, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́ọ̀dù ti fọ́. Tíṣà Ìṣirò fi èédú kọ iṣẹ́ sára ògiri ẹ̀yìn ọ́fíìsì, wọ́n sì pè é jáde kó wá ṣe nọ́ńbà kẹrin. Ó ṣe é, ó gbà á, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní ìgbà tí òun gba nǹkan lójú gbogbo kíláàsì kẹ́yìn nìyẹn.

Ní Mọ́ńdè, gbogbo SS3 lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì. Koríko ti bo ibẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wà níbẹ̀. Òjò ti fọ apá kan lọ, ṣùgbọ́n ìlà èédú nọ́ńbà kẹrin ṣì hàn, ìdáhùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú àpótí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ọmọ kan tó ti ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin fi ọwọ́ bo ẹnu.

Láti ìgbà náà la ti ń lọ ní ẹni méjì-méjì, ní àsìkò tí ẹni tí à ń lọ bá bá wa dá, a kò sì wọ yúnífọ́ọ̀mù. A kò béèrè pé “kí ló dé tó o fi kúrò?” Ohun tí a ń béèrè ni pé, “kí lo rántí?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń sọ ọmọ di ẹlẹ́jọ́. Èkejì ń sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí, ohun tí a rí gbà lọ́dọ̀ wọn sì pọ̀ ju ohun tí àwọn tó wà nínú kíláàsì rántí lọ. Mo rò pé ẹni tó kúrò lójijì máa ń tọ́jú ohun tó gbẹ̀yìn ní tútù.

Àṣìṣe kejì sún mọ́ kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin kan lóyún ní SS2, kò padà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú ìfẹ́, ó kọ ìdí tó fi kúrò. Mo kà á, mo ní ó dára. A ti tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀ǹpútà kí a tó fún ọmọ náà kà. Ó kà á tán, ó ní, “Mà, ọmọ mi náà máa mọ̀wé kà lọ́jọ́ kan.” A yọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀: ojú ewé kan nípa bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe jọ ń pín búrẹ́dì oníṣúgà lẹ́yìn asẹ́ńbìlì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo sọ ọ́ di òfin pé kò sí ọ̀rọ̀ nípa ẹnikẹ́ni tó máa wọ ìwé láìjẹ́ pé ẹni náà ti kà á.

Ẹkún ìyàwó

Ìwé ti ń lọ, ó ku ètò ọjọ́ ìdágbére. Kọmítì ti fi ọ̀rọ̀ DJ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹnu àwọn àlejò. Èmi ni mo mẹ́nu ba ẹkún ìyàwó, torí a ti kà á nínú ewì alohùn. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ, ó máa ń sun ẹkún kiri láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ẹbí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Á dúpẹ́, á tọrọ àforíjì, á gba ìwúre, á dárúkọ ilé tó ń fi sílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí kíláàsì àṣejáde fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa ti ní ọ̀nà tí ènìyàn fi ń kúrò níbi tó ti dàgbà láìfọ́ ohunkóhun, àwa wá ń lọ wá máákà àti tíṣọ́ọ̀tì.

Àwọn ọmọkùnrin ní ti obìnrin ni. Ọmọ kan ní bàbá òun kò ní fẹ́ kí òun ṣe ohun ìbílẹ̀. Mo lọ bá bàbá náà nílé, mo ka ohun tí wọ́n ti kọ fún wọn, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, “Àdúrà àti ọpẹ́ ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.” Ìyá àgbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló wá kọ́ wọn ní ohùn rẹ̀, ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi wá. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń fa ohùn, tí ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn, kò sẹ́ni tó tún sọ pé ti obìnrin ni. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Ìyá Yorùbá, mo fẹ́ máa lọ o,
ẹ má wo ti ariwo tí mo pa lẹ́yìn kíláàsì.
Igi máńgòrò tó ṣíji bò wá nígbà tí páànù lọ,
mo kí ọ, mo dúpẹ́.
Ẹlẹgbẹ́ mi tó wà nídìí òfì,
ẹlẹgbẹ́ mi tó wà láàárín fóònù ní Ìkẹjà,
ṣé èmi ni mò ń fi yín sílẹ̀ ni,
àbí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀?

Wọ́n jà lórí ìlà méjì tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan ní ó le jù. Ahunṣọ náà ló ní kí wọ́n má yọ ọ́.

Ọjọ́ náà

WAEC bẹ̀rẹ̀ ní 8 oṣù karùn-ún. A ṣì wà láàárín rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 29 oṣù náà, bẹntiróòlù fò láti nǹkan bíi 190 sí ohun tó lé ní 500 náírà lítà kan. Àwọn ọmọ tó ń ti abúlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sílé àwọn tó wà nígboro nítorí owó ọ̀kadà. Bí a bá ti ní ọjọ́ tí a kò ní ìdánwò la fẹ́ ṣe ìdágbére, ìdajì wọn kò ní lè wá. A mú un sí òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ní ìparí oṣù kẹfà tí ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé kan láti ṣe lọ́sàn-án, kí owó ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gba méjèèjì.

Ìwé náà jẹ́ bébà tí a fi fọtokọ́pì ṣe. Owó ẹ̀dà kan kò tó ẹgbẹ̀rún kan náírà, àwọn tó ti san 8,500 tẹ́lẹ̀ sì gba èyí tó kù padà. Aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, la fi di ẹ̀yìn rẹ̀. Ahunṣọ náà ló hun ún, a sì sanwó fún un. Àwọn ọmọ ti rò pé ó máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ni, iye tó bá pè ni kí wọ́n san.

Nínú àwọn 19 tí a rí, 11 wá. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń hunṣọ, síbẹ̀ ahunṣọ wa wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Ìyá ọmọ kan ti lé àwọn tó lọ pè é jáde nílé, ó ní kí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ ọmọ òun tí wọ́n kò wá láti ọjọ́ yìí. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn, torí òótọ́ ló sọ. Ọmọ márùn-ún nínú kíláàsì náà ṣe pátì tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n sì fi máákà kọ yúnífọ́ọ̀mù ara wọn lẹ́yìn ilé ìwé. A kò bá wọn jà.

Mo gbé rẹ́jísítà náà jáde, mo pe orúkọ 61. Ibi tí ẹni tí kò wá bá wà, ẹni tó wá a rí ló dáhùn fún un, ó sọ ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sun ẹkún. Ọ̀gá àgbà wa, tí wọ́n ti fẹ́ fòfin dè é, bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọn kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀

Tí wọ́n bá gbé SS3 lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wá rẹ́jísítà JSS1 wọn kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ má fi máákì sí ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n rántí. Táàmù kìíní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kejì bíi tèmi. Àwọn mẹ́fà tí a kò rí, mo gbà pé àkókò ló fà á fún mẹ́ta nínú wọn ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí a dá owó lé fọ́tò lórí. Tí ẹ bá fẹ́ lo ewì ìbílẹ̀, ẹ lọ bá òbí tó bá ń kọminú nílé, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ sì wá àgbà tó mọ ohùn rẹ̀, torí ìwé kì í kọ́ni ní ohùn.

Èyí tó le jù kò sí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rárá. Nígbà tí ọmọ 14 kò padà wá ní 2020, mo kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù, mo sì fi ìlà gbá wọn nínú rẹ́jísítà. N kò lọ sílé ẹnì kankan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ọdún 17 ló lọ bá mi ṣe iṣẹ́ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n fún mi ní JSS1 tuntun, orúkọ 58. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi rọ́bà so ó mọ́ rẹ́jísítà. Tí òdo pupa bá ti tẹ̀ léra wọn dé mẹ́ta, mo máa lọ sílé ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì máa kọ ohun tí mo bá níbẹ̀ sílẹ̀: orúkọ ẹni tí mo bá pàdé, ohun tí wọ́n sọ, ọjọ́ tí wọ́n ní yóò padà. Nígbà tí mò ń kọ èyí, ó ti di ilé mẹ́sàn-án. Ọmọ méje ti padà. Mo ń padà lọ sílé ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù lọ́la.